Káúńtì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé: Bí Nevada Ṣe Dá Bullfrog Sílẹ̀, Tó sì Tú Ká

Ní oṣù kẹfà ọdún 1987, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Nevada, lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ṣe òfin kan tó gé ilẹ̀ kékeré kúrò lára káúńtì Nye (káúńtì ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀), ó sì sọ ilẹ̀ náà di káúńtì tuntun. Gómìnà Richard Bryan fọwọ́ sí i. Ohun tó fà á ni owó tí ìjọba àpapọ̀ yóò san bí ó bá rì pàǹtírí núkílíà mọ́ abẹ́ òkè Yucca tó wà lórí ilẹ̀ náà. Bullfrog ni wọ́n pè é, orúkọ àgbègbè ìwakùsà àtijọ́ kan tó wà nítòsí. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kí ènìyàn wọn máìlì 12 níbùú, kó tún wọn 12 lóròó. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń sùn tó ń jí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí ìjọba rẹ̀ yóò jókòó sí, Carson City ni wọ́n mú, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, tó jìnnà síbẹ̀ ju máìlì 250 lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1988, adájọ́ sọ pé òfin náà ta ko ìwé òfin ìpínlẹ̀. Nígbà tó di 1989, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ Nye, Bullfrog sì ti kúrò lórí àwòrán ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà kì í ṣe òmùgọ̀, ìdààmú tó dé bá wọn kì í sì í ṣe kékeré. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kan pípín ilẹ̀ àti dídá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: àwọn tó ń kọ àbá òfin, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ètò ìṣàkóso. Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo agbára tí ìjọba ìbílẹ̀ ní, ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ti ń yọ ọ́. Ènìyàn ni aṣọ rẹ̀. Bí wọn kò bá sí, ààlà lásán ni òfin fà.

Ilẹ̀ náà àti àwọn tó ni ín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Nevada fi ṣe ohun tó ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Nye. Káúńtì náà fẹ̀ tó kìlómítà 47,000 níbùú lóròó, ó ju gbogbo ilẹ̀ Denmark lọ, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1980, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bíi 9,000 lọ. Aṣálẹ̀ ni: òkè olókùúta, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbẹ, òjò tí kì í tó nǹkan. Kùsà ló kọ́ ìlú rẹ̀, kùsà náà ló sì tú wọn. Tonopah, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba káúńtì náà, fàdákà tí wọ́n rí ní 1900 ló dá a sílẹ̀. Ní 1904 wọ́n rí wúrà ní àgbègbè Bullfrog, ìlú Rhyolite sì hù jáde láàárín ọdún díẹ̀. Ó ní báńkì, ó ní iná mànàmáná, ọkọ̀ ojú irin ń wọ ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 1920, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro tán. Àwọn ará Nye mọ bí owó ṣe ń dé, wọ́n sì mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé owó kan ń bọ̀ tí kò ní gbẹ bọ̀rọ̀, wọn yóò fetí sílẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ilẹ̀ tó wà nínú Nye, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ará ibẹ̀. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀: ibi ìdánrawò àwọn ọmọ ogun òfuurufú, pápá ìdánwò bọ́ǹbù, àti ilẹ̀ ìjẹko àti ìwakùsà tí ìjọba ń bójú tó. Káúńtì kò lè gba owó orí lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ pọ̀ lọ súà, ohun tó ń ti ibẹ̀ wọ àpò kò sì tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe àti àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún kò dín kù.

Láti oṣù kìíní ọdún 1951 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú Nye. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1992, iye ìgbà tí wọ́n dán an wò lé ní 900. Bíi ọgọ́rùn-ún nínú wọn ni wọ́n yìn lókè ilẹ̀, atẹ́gùn sì gbé eruku olóró rẹ̀ lọ bá àwọn ará Utah àti àwọn ará Nevada fúnra wọn. Wọ́n sọ fún wọn nígbà náà pé kò séwu. Ọdún 1990 ni ìjọba tó ṣe òfin pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí àìsàn mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí ìjọba kan náà bá tún padà wá sí aṣálẹ̀ kan náà, tó ní òun fẹ́ sin ohun olóró síbẹ̀, ojú wo ni ìpínlẹ̀ yóò fi wò ó?

Ilẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní òfo yìí sì ní àwọn tó ń pè é ní tiwọn. Àwọn Western Shoshone, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kan, bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ní Ruby Valley ní 1863, wọ́n sì dúró lórí i pé àwọn kò ta ilẹ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Òkè Yucca wà nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn Bullfrog jẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti káúńtì, ẹ̀tọ́ àwọn Shoshone kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìtàn náà mọ̀ pé ibi tí kò sí olùgbé kò túmọ̀ sí ibi tí kò ní oní-ǹkan.

Ẹrù tí ìpínlẹ̀ kankan kò fẹ́ gbà

Ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń lo núkílíà máa ń ṣẹ́ èròjà kù lẹ́yìn iṣẹ́, èròjà yìí sì máa ń tú ìtànṣán olóró jáde fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1982, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò wá ibi tí wọn yóò rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Títí di 2014, àwọn ilé iṣẹ́ náà ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì lórí kìlówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú àpò iṣẹ́ náà. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí, òfin kò jẹ́ kí wọ́n kó ju 70,000 tọ́ọ̀nù síbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣí ìkejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí ibi mẹ́ta tí wọn yóò yẹ̀ wò: Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, Deaf Smith ní Texas, àti òkè Yucca ní káúńtì Nye.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin 1982 tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ó ní ìjọba àpapọ̀ yóò san owó fún ìpínlẹ̀ àti fún ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí. Iye tí yóò san ni iye owó orí tí wọn ì bá gbà ká ní ẹni aládàáni ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ owó orí ti rí ibi tí gbólóhùn yìí ń lọ. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń dá iye owó orí. Ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ló ń dá a. Bí owó orí ibẹ̀ bá ga, owó tí ìjọba àpapọ̀ yóò san yóò ga. Ẹni tí òfin bá sì kà sí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà

Àwọn aṣòfin Nevada wò ó pé bí iṣẹ́ bá dé òkè Yucca, Nye tí ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀ ni yóò máa gba owó ìbílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ewu rẹ̀ kò ní dúró sí Nye. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ojú irin yóò gba inú ìpínlẹ̀ kọjá. Las Vegas, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Nevada ń gbé, wà ní bíi ọgọ́rùn-ún máìlì sí òkè náà. Ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́ nìyẹn, n kò sì ní bu ẹnikẹ́ni lù nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbà ni mo ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Dípò kí wọ́n bá Nye jókòó, wọ́n gé òkè náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Káúńtì tuntun tí kò ní olùgbé kò ní ọ̀nà láti tún ṣe, kò ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kò ní aláìsàn. Gbogbo ohun tó bá wọlé fún un, àpò ìpínlẹ̀ ni yóò gbà á. Ìwé òfin Nevada kò jẹ́ kí owó orí lórí ohun ìní kọjá sẹ́ǹtì márùn-ún lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan iye tí wọ́n bá dá lé e. Ibi tó parí sí yẹn gan-an ni wọ́n gbé ti Bullfrog sí. Kò sí onílé tí yóò fi ẹ̀hónú hàn, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tí yóò ní kí wọ́n dín in kù. Kọmíṣọ́nà mẹ́ta ni yóò máa darí rẹ̀, gómìnà ni yóò sì yàn wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí yóò dìbò.

Ìdí kejì tí wọ́n ní ni pé owó orí tó ga bẹ́ẹ̀ lè lé ìjọba àpapọ̀ sẹ́yìn. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé ilé ẹjọ́. Ète méjèèjì kò lè gbé inú ilé kan. Bí owó náà bá lé ìjọba àpapọ̀ lọ, ìpínlẹ̀ kò ní rí owó gbà. Bí ìpínlẹ̀ bá sì rí owó gbà, a jẹ́ pé pàǹtírí ti dé nìyẹn. Òfin tí àwọn tó ṣe é kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fẹ́ kó bí, ó ṣòro láti gbèjà níwájú adájọ́, ó sì tún ṣòro láti ṣàlàyé fún aráàlú.

Àkókò tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú kò ràn án lọ́wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nevada kì í jókòó lọ́dọọdún, ọdún méjì méjì ni. Ìparí ìjókòó 1987 ni àbá Bullfrog kọjá, ní òru, nígbà tí gbogbo iṣẹ́ tó kù ń wọ́ tìrítìrí láti parí. Ẹni tó bá ti bá ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́ rí mọ irú òru bẹ́ẹ̀: àárẹ̀ ti mú gbogbo ènìyàn, ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan béèrè a sì dúró di ọ̀la.

Ìbéèrè tí kò dúró di ọ̀la

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wá láti ẹ̀ka ẹjọ́ ọ̀daràn. Òfin Nevada ní káúńtì tí wọ́n bá ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àwọn olùgbé káúńtì náà ni yóò sì jókòó gẹ́gẹ́ bí júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tó ń pinnu bóyá ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Ká ní ẹnì kan yìnbọn pa ẹnì kejì ní òkè Yucca, níbo ni wọn yóò ti rí júrì? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń bọ̀, nítorí náà kì í ṣe ìbéèrè orí ìwé lásán. Ibi tí wọn kò ti lè pe júrì jọ, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn yóò ní kí wọ́n dá òun sílẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò sì ní ẹsẹ̀ òfin tí yóò dì mú.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Apá kẹrin ìwé òfin Nevada sọ ohun tí káúńtì jẹ́, ó sì sọ ọ́ kedere. Ẹsẹ̀ 25 ní ètò ìjọba káúńtì gbọ́dọ̀ dọ́gba jákèjádò ìpínlẹ̀. Ẹsẹ̀ 26 ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọn yóò ṣe dìbò yan ìgbìmọ̀ kọmíṣọ́nà ní káúńtì kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ 32 sọ ohun kan náà nípa akọ̀wé káúńtì, ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba rẹ̀ àti àwọn mìíràn. Ẹsẹ̀ 20 àti 21 kò gbà kí wọ́n máa ṣe òfin àkànṣe fún ibì kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ bíi iṣẹ́ káúńtì àti gbígba owó orí, níbi tí òfin gbogbogbòò bá lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo nínú wọn ni káúńtì tí kò ní ẹnì kan lè mú ṣẹ? Kò sí ẹni tí yóò dìbò, kò sì sí ẹni tí wọn yóò dìbò fún.

Nye kò dákẹ́. Owó tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀ wá bá àwọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ àbójútó wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n sì gé láìbá wọn dé ìfẹnukò. Káúńtì náà pe ẹjọ́. David Zenoff, ẹni tó ti jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Nevada rí kó tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n yàn láti gbọ́ ọ.

Oṣù kejìlá

Kí ẹjọ́ náà tó parí, ohun tó tóbi jù ú lọ ṣẹlẹ̀ ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ilé aṣòfin àpapọ̀ tún òfin 1982 ṣe. Hanford àti Deaf Smith bọ́ sílẹ̀. Òkè Yucca nìkan ni wọn yóò máa yẹ̀ wò. Nevada ní aṣojú méjì péré nínú 435 tó wà ní ilé àwọn aṣojú nígbà náà. Texas ni olórí ilé náà, Jim Wright, ti wá. Ìpínlẹ̀ Washington ni Tom Foley, olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ti wá. Àwọn ará Nevada fún òfin náà ní orúkọ èébú tí wọ́n ṣì ń pè é di òní.

N kò sọ pé Bullfrog ló fa èyí. Agbára ìbò ló fà á, ẹni tó bá sì ka orúkọ àwọn tí mo dá lókè yìí yóò rí i. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó ń pariwo pé òun kò fẹ́ ẹrù, tó sì ti ṣe àpò fún owó ẹrù náà ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò lè dún bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ rárá. Mo rò pé ìpalára tí Bullfrog ṣe fún Nevada níbẹ̀ tóbi ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Agbẹjọ́rò lè ṣàtúnṣe òfin tó wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìpínlẹ̀ ti fi ìwà sọ níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè kò rọrùn láti kó padà.

Òfin tuntun náà tún ṣe ohun mìíràn tí ó yẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kíyè sí. Ó fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n ka àwọn káúńtì tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ mọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà kàn. Nígbà tó yá, káúńtì mẹ́wàá ni wọ́n kà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní California. Ó tún fi owó lọ Nevada fúnra rẹ̀: mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́dún kí pàǹtírí tó dé, mílíọ̀nù 20 lọ́dún lẹ́yìn tó bá dé, bí ìpínlẹ̀ náà bá lè yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin fún un láti sọ pé òun kò gba iṣẹ́ náà. Nevada kọ̀ ọ́. Ó wú mi lórí pé ó kọ̀ ọ́, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ tó wá papọ̀.

Ìdájọ́

Ní oṣù kejì ọdún 1988, adájọ́ dá Nye láre. Òfin tó dá Bullfrog sílẹ̀ ta ko ìwé òfin Nevada. Nítorí pé ọdún méjì méjì ni ilé aṣòfin ń jókòó, ìjókòó 1989 ni wọ́n tó fi òfin pa ojú ọ̀rọ̀ náà dé, tí ilẹ̀ padà sínú Nye. Láàárín ìgbà náà, Bullfrog kò kọ́ ọ́fíìsì kan sórí ilẹ̀ rẹ̀. Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gé ilẹ̀ nítorí owó tó ń bọ̀ kò rí owó, wọ́n sì na agbára ìjókòó ilé kan àti ẹjọ́ kan lé e lórí.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́

Bí wọ́n bá gbé àbá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun wá síwájú yín, ẹ má kọ́kọ́ wo àwòrán ilẹ̀. Ẹ mú ìwé òfin, kí ẹ ka gbogbo ibi tó ti ní "olùgbé" tàbí "olùdìbò", kí ẹ sì béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ni yóò jẹ́ ẹni yìí? Ta ni yóò dìbò, ta ni wọn yóò dìbò fún, àwọn wo ni yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí júrì, agbẹjọ́rò ìjọba wo ni yóò pe ẹjọ́, níwájú adájọ́ agbègbè wo? Ká ní ẹnì kan jókòó ti iṣẹ́ yìí fún ọ̀sán kan ní Carson City, Bullfrog kì bá tí jáde nínú yàrá ìgbìmọ̀.

Kò túmọ̀ sí pé ibi tí ènìyàn kéré kò lè jẹ́ káúńtì. Loving, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Texas, jẹ́ káúńtì títí di òní, ènìyàn 64 ni wọ́n sì kà níbẹ̀ ní 2020. Òun pẹ̀lú ti kọjá nínú wàhálà. Wọ́n fi ìdí ìjọba rẹ̀ múlẹ̀ ní 1893, màgòmágó wọ inú rẹ̀, ilé aṣòfin Texas sì tú u ká ní 1897, wọ́n dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún káúńtì Reeves. Nígbà tí epo rọ̀bì mú ènìyàn wá, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó láti ṣe ìjọba, wọ́n tún un dá ní 1931, ó sì dúró. Níbẹ̀, ènìyàn ló ṣáájú ìjọba. Ní Bullfrog, owó tí kò tíì dé ló ṣáájú.

Ẹ tún wo ibi tí owó ń gbà. Òfin 1982 ti ya apá tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀, kò fi dù ú. Ohun tí Nevada ń wá ni apá ti ìbílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àìdọ́gba ló ń dun ìpínlẹ̀ náà, bí ó bá rò pé Las Vegas àti àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹ kó rí nǹkan gbà, ó lè bá Nye ṣe àdéhùn bí wọn yóò ṣe pín in, ó sì lè lọ bá ilé aṣòfin àpapọ̀ láti fẹ òfin náà kún. Ọ̀nà kejì yìí ni òfin oṣù kejìlá gbà nígbẹ̀yìn tó fi ka káúńtì mẹ́wàá mọ́ ọn, kò sì dá káúńtì tuntun kankan sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ àbá òfin gbọ́dọ̀ lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àtúnṣe tó kéré jù wà.

Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ Nye. Kò sí ẹni tó sún mọ́ òkè Yucca tó àwọn ará Beatty àti Amargosa Valley, ìlú kékeré méjì nínú Nye. Bí Nevada bá fẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ jà fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn ni ó yẹ kó wà ní iwájú ogun náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni pé ó lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní òru kan. Ẹ̀rù owó àti ẹ̀rù ìtànṣán jọ wà lọ́kàn wọn, ìpínlẹ̀ kò sì tẹ́tí sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nye wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wá di ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú.

Ìyókù ìtàn náà wà ní gbangba. Ní 2002, Gómìnà Kenny Guinn lo ẹ̀tọ́ Nevada láti kọ ibẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ sì bì í ṣubú ní oṣù keje ọdún náà. Ní 2008, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti epo (Department of Energy) béèrè fún ìwé àṣẹ láti kọ́ ibi tí wọn yóò rì pàǹtírí náà mọ́. Ìjọba Barack Obama dá owó iṣẹ́ náà dúró. Pàǹtírí kankan kò tíì wọ òkè Yucca. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bóyá kí àjọ tó ń ṣàkóso núkílíà máa bá àyẹ̀wò ìwé àṣẹ náà lọ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington, tí ìdájọ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Nye wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ pé kó máa lọ, Nevada sì wà ní apá kejì.